Bọ́tìnì ológun tí ọmọ yín rí nínú oko: ta ló wọ aṣọ tó ti jábọ́?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀bá Maidstone ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni à ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀, àgbẹ̀ kan sì gbà á láyè kó máa fi wá inú oko rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ó rí bọ́tìnì kan níbẹ̀. Ó rí bí eérú, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, nọ́ńbà 50 wà láàárín rẹ̀, ìlà kan sì yí etí rẹ̀ po bí okùn. Kókó kan tó ti dípẹtà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ní fàdákà ni. Ẹnì kan ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ìgbà Napoleon pàgọ́ sí oko yẹn. Ẹlòmíì ní ká rẹ ẹ́ sínú fínígà kó lè dán. Kí ni nǹkan yìí gan-an, ṣé ó sì lówó lórí?”

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí á tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí fínígà kan bọ́tìnì yẹn rárá. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, kì í ṣe fàdákà. Pewter ni, ìyẹn tin tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ irin mìíràn, òjé sì sábà máa ń wà nínú ti àtijọ́. Fínígà a máa jẹ òjé. Ojú rẹ̀ á di ẹfun funfun, ẹfun náà á máa yìnrìn dànù, nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kà yẹn á sì bá a lọ. Kódà atẹ́gùn kíkan tó ń jáde lára igi oak ti tó láti bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí igi bẹ́ẹ̀. Ike kékeré tó ní ìdérí ló dára. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ nínú ilé, kì í ṣe lórí hítà. Lẹ́yìn náà kí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gbá erùpẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́, igi ìtayín ni kó fi yọ ọ́, kó má lo abẹ́rẹ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin. Kó fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa tó bá ṣe tán, nítorí òjé kì í ṣe ohun tí à ń fi sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí irin tí wọ́n fi ṣe é, torí ibẹ̀ ni ẹni tó mọ bọ́tìnì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wo àwòrán tàbí nọ́ńbà. Nínú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, irin ara bọ́tìnì ló ń sọ ipò ẹni tó wọ aṣọ. Ọ̀gá ológun ń wọ èyí tí wọ́n fi wúrà tàbí fàdákà bò lójú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀já tó wà lára aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe jẹ́. Ọmọ ogun lásán ń wọ pewter, tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, tó sì rọrùn láti dà sínú ẹ̀dà. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọdún 1855, nígbà tí wọ́n fi idẹ rọ́pò pewter fún wọn. Nítorí náà, ẹni tó wọ aṣọ tí bọ́tìnì yín ti já kì í ṣe ọ̀gá. Ọmọ ogun tó ń gbé ìbọn léjìká ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tàbí ahunṣọ tó gba owó ìforúkọsílẹ̀.

Nọ́ńbà ló kàn. Ọdún 1767 ni àṣẹ jáde pé kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára bọ́tìnì. Ṣáájú ìgbà yẹn, bọ́tìnì wọn kò ní ohun tó yà á sọ́tọ̀. Ẹ fi ìyẹn kún ọ̀rọ̀ pewter, ẹ óò rí i pé bọ́tìnì ọmọ yín bọ́ sáàárín 1767 sí 1855. Ká ní idẹ ni, pẹ̀lú nọ́ńbà 50 kan náà, mi ò bá sọ fún yín pé 1855 sí 1871 ni, torí ní 1871 wọ́n gba nọ́ńbà lára bọ́tìnì ọmọ ogun lásán, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní ẹyọ kan tó ní kìnnìún àti ẹṣin oníwo kan, àmì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ká ní èyí tí wọ́n fi wúrà bò ni, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dí, ti ọ̀gá ni ìyẹn ì bá jẹ́, ó sì lè pẹ́ dé 1881. Ọdún yẹn ni ìjọba pa nọ́ńbà rẹ́ pátápátá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àgbègbè pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lè túmọ̀ sí sáà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, irin ló ń yà wọ́n.

Àmọ́ ṣé 50 ni lóòótọ́? Mo ń béèrè nítorí pé pewter máa ń jẹrà lójú nínú ilẹ̀, ìlà tó tín-ín-rín ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Odo lè jẹ́ 6 tí orí rẹ̀ ti parẹ́, ó lè jẹ́ 9 tí ìrù rẹ̀ ti já. 56 jẹ́ ti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Essex, òdìkejì odò Thames sí yín. 59 jẹ́ ti Nottinghamshire. Bí ó bá sì jẹ́ 3 ló wà níwájú, 30 ni, ti Cambridgeshire. Ẹ pa iná yàrá lálẹ́, kí ọmọ gbé bọ́tìnì sórí tábìlì, kó sì dá tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa gba orí rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́. Kó wá máa yí bọ́tìnì náà díẹ̀díẹ̀. Òjìji á jókòó sínú gbogbo ìlà tó kù, ohun tí ojú kò rí lọ́sàn-án á sì hàn. Kó ya fọ́tò rẹ̀ ní ìgun mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí kò pa ohunkóhun lára, kò sì ná yín lówó.

Kókó tó dípẹtà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn náà ń sọ̀rọ̀. Wáyà irin ni wọ́n máa ń tẹ̀ ní òrùka, kí wọ́n tó da pewter yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Inú òrùka náà ni òwú máa ń gbà kọjá. Pewter kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n irin ń dípẹtà, ó sì ń wú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ irú bọ́tìnì yìí fi jẹ́ pé kókó pupa nìkan ló kù lẹ́yìn wọn. Kí ọmọ má gbìyànjú láti yọ ọ́, ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnì idẹ tàbí ti wúrà ló rí lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ wò, torí àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ orúkọ wọn síbẹ̀: Firmin àti Jennens ní Lọ́ńdọ̀nù, Hammond Turner àti Smith & Wright ní Birmingham, Gaunt lẹ́yìn wọn. Orúkọ ilé iṣẹ́ máa ń yí padà bí ọmọ bá wọlé tàbí tí alájọṣe bá kúrò, àdírẹ́sì náà ń yí padà, ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ wọn lọ́wọ́ lè fi ìyẹn mọ sáà tí wọ́n ṣe bọ́tìnì náà. Pewter kì í sábà ní orúkọ lẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ 50 lóòótọ́, ẹ kú oríire, torí ẹgbẹ́ àgbègbè yín gan-an ni. Ní 1782, ìjọba so ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ àgbègbè kọ̀ọ̀kan kí ó lè rọrùn láti rí ọmọkùnrin gbà síṣẹ́, wọ́n sì fún ẹgbẹ́ 50 ní Ìwọ̀-Oòrùn Kent. Aṣọ pupa ni wọ́n ń wọ̀ bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú ló wà ní ọrùn àti ọrùn ọwọ́ tiwọn. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bá làágùn lójú ogun, tí wọ́n sì fi ọrùn ọwọ́ nu ojú, aró dúdú yẹn á kùn wọ́n lójú, ìyẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń pè wọ́n ní Àádọ́ta Eléèérí. Wọ́n jà ní Vimeiro ní ilẹ̀ Potogí ní oṣù kẹjọ 1808, wọ́n sì wà ní Corunna ní Sípéènì ní oṣù kìn-ín-ní 1809, lọ́jọ́ tí Ọ̀gágun John Moore kú. Ní 1831 wọ́n di ẹgbẹ́ ti Olorì. Wọ́n lọ sí ogun Crimea ní 1854. Ní 1881 wọ́n pa wọ́n pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ 97, àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan lábẹ́ orúkọ Royal West Kent.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí, Màmá, ó sì jẹ́ ohun tó ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa irú nǹkan báyìí. Wọ́n á rí bọ́tìnì ológun kan ṣoṣo nínú oko, wọ́n á sì sọ oko náà di ibùdó ogun. Bọ́tìnì ń sọ ìtàn aṣọ tó wà lára rẹ̀. Kò fi dandan sọ ìtàn ilẹ̀ tí a ti rí i. Ní Kent pàápàá, ìdí pàtàkì kan wà tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí náà ni hop, ewéko tí wọ́n fi ń mú kí bíà korò. Kent ni olú ilé rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń jẹ ilẹ̀ gan-an. Ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ hop fẹ́ràn ni àkísà aṣọ irun àgùntàn. Irun àgùntàn ní náítírójìn púpọ̀ nínú, kì í sì í jẹrà kíákíá, torí náà ó ń bọ́ gbòǹgbò hop díẹ̀díẹ̀ fún àkókò pípẹ́. Àwọn oníṣòwò ń kó àkísà jọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti láwọn ìlú mìíràn, wọ́n ń kó wọn wá sí Kent, àwọn àgbẹ̀ ń gé wọn, wọ́n sì ń rì wọ́n sínú ilẹ̀. Ẹ wo ohun tó pọ̀ jù nínú aṣọ irun àgùntàn ògbólógbòó tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ọ̀pọ̀ yanturu nígbà náà: aṣọ ológun. Wọ́n ń fún ọmọ ogun ní aṣọ tuntun déédéé, ti àtijọ́ ń di títà. Bí ogun Napoleon ṣe parí ní 1815 tí wọ́n sì ń tú ọmọ ogun sílẹ̀, aṣọ pupa kún ọjà àlòkù. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó ń gé àkísà ń ráyè já bọ́tìnì kúrò. Irun àgùntàn jẹrà, ó sì di oúnjẹ hop. Pewter kù sínú ilẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ bá tún padà síbẹ̀ tó sì rí bọ́tìnì nọ́ńbà mìíràn, bóyá 14, bóyá 71, bóyá ti ọkọ̀ ojú omi tó ní ìdákọ̀ró lójú, tí gbogbo wọn tàn káàkiri láìsí ọta ìbọn, láìsí àmì àgọ́, àkísà ajílẹ̀ ni. Níbi tí ọmọ ogun bá ti pàgọ́ lóòótọ́, ohun tó ń jáde máa ń yàtọ̀: bọ́tìnì nọ́ńbà kan náà léraléra, ọta òjé tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìn, ìdè bẹ́líìtì, owó ẹyọ kéékèèké, gbogbo wọn ní ojú kan. Kí ọmọ máa kọ ibi tí ó ti rí nǹkan kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó fi fóònù gba àmì ojú ibẹ̀. Bọ́tìnì tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i ti pàdánù ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ ká yẹ̀ wò kí á tó fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn ará Faransé náà kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ sára bọ́tìnì wọn láyé Napoleon, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ogun Faransé ni wọ́n sì tì mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó lórí odò Medway ní Chatham, tí kò jìnnà sí yín. Ṣùgbọ́n bàbà tàbí idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe ti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wọn, kì í ṣe pewter. Tiyín kò bá tiwọn mu.

Àwọn tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi jù kì í ṣe ti ológun rárá. Bí ẹ bá rí orí ẹranko tàbí ọwọ́ tó di nǹkan mú, tó jókòó lórí okùn lílọ́ kúkúrú kan, ti ìránṣẹ́ ilé ọlọ́lá ni, àmì ìdílé ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Bí lẹ́tà bá kọ́ ara wọn lọ́rùn, ẹ ronú nípa rélùwéè; ní Kent, SE&CR ni ilé iṣẹ́ rélùwéè tó wà láàárín 1899 sí 1922. Adé lásán lórí bọ́tìnì kò sọ pé ológun ni: ọlọ́pàá, oníbodè àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba náà ń lo adé. Síbẹ̀ ẹ wo bí adé náà ṣe rí. Láyé Ọbabìnrin Victoria, apá adé fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tẹ̀ wọnú láàárín. Láti 1901, fún àádọ́ta ọdún ó lé, ó yọ róbótó sókè. Lábẹ́ Elizabeth Kejì ó tún rì láàárín. Bí bọ́tìnì bá fúyẹ́ bí ike, tó sì ń dán bí èyí tí wọ́n ṣe lánàá, alumíníọ̀mù ni, kò ṣáájú àwọn ọdún 1950.

Àwọn tó bá ń ka èyí ní Nàìjíríà náà lè ní ohun tó jọ ọ́ nílé, nínú àpótí bàbá àgbà tó lọ ogun Bọ́mà. Àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (West African Frontier Force, ìyẹn W.A.F.F.) tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lábẹ́ Lugard ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni igi ọ̀pẹ. Ní 1928 ni ọba fún wọn ní oyè “Royal”, nítorí náà bí lẹ́tà R bá ṣáájú W.A.F.F. lábẹ́ ọ̀pẹ yẹn, bọ́tìnì náà kò lè ṣáájú 1928. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ yìí ló lọ jà ní Bọ́mà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ni aṣọ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ lọ máa gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri ní Nàìjíríà láti wá ohun àtijọ́. Òfin 1979 tó dá àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ sọ pé àṣẹ ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbẹ́ ohun àtijọ́.

Ní ti owó, màá sọ òótọ́ fún yín: bọ́tìnì pewter ti ẹgbẹ́ tó pẹ́ tó sì pọ̀ bíi 50 kì í mú owó ńlá wá. Àwọn tó ń lówó lórí ni ti ẹgbẹ́ tí kò pẹ́ láyé, irú àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1793 àti 1794 pẹ̀lú nọ́ńbà tó ju 100 lọ, tí wọ́n sì tú ká láìpẹ́. Bọ́tìnì yín kò sì sí lára ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1996 pè ní ìṣúra, torí kì í ṣe wúrà tàbí fàdákà, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀ kò pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún; ohun onírin tó ti ju igba ọdún lọ tí wọ́n fi kún òfin náà ní 2023 sì ní láti jẹ́ èyí tó ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ nínú ìtàn. Èyí kò sọ pé ọmọ yín ló ni ín o. Onílẹ̀ ló ni ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, àfi tí òun àti ọmọ bá ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ bá àgbẹ̀ náà, kí àdéhùn náà wà ní kíkọ sílẹ̀. Kí ọmọ sì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ibi tí ìjọba ti fi òfin dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí ibi ìtàn àtijọ́, kódà bí onílẹ̀ bá gbà.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ẹgbẹ́ Royal West Kent wà nínú Maidstone Museum, nítòsí yín níbẹ̀. Ẹ mú bọ́tìnì náà lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi wé tiwọn: bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà àti bí ìlà etí rẹ̀ ṣe rí ló lè jẹ́ kí ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún tí mo sọ yẹn kéré sí i. Òṣìṣẹ́ tó ń gba àkọsílẹ̀ ohun tí aráàlú bá rí nínú ilẹ̀ náà wà ní Kent. Ó lè má kọ bọ́tìnì tí kò tíì pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún sílẹ̀, àmọ́ ó dára kó mọ ọmọ yín, torí lọ́jọ́ kan ọmọ náà lè rí ohun tó ju èyí lọ. Bí ó bá sì fẹ́ mọ bóyá ẹgbẹ́ 50 tilẹ̀ wà ní Kent ní ọdún báyìí báyìí, ìwé orúkọ àti owó oṣù wọn wà ní The National Archives ní Kew, ní abala WO 12. WO 17 ni ti ìròyìn oṣooṣù tó ń sọ ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà.

Kí ẹ tó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ẹ bi àgbẹ̀ náà bóyá wọ́n gbin hop sí oko yẹn rí. Bí òun kò bá mọ̀, ẹ béèrè ìwé ìdámẹ́wàá ti ìjọ àgbègbè náà ní ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ Kent pamọ́ sí. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1836 ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú máàpù, wọ́n sì sábà ń kọ ohun tí wọ́n ń gbìn sí ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ hop bá wà níwájú nọ́ńbà oko yẹn, ẹ fi bí ìwé náà ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò tí ọmọ yà lálẹ́.